Oyin àti Sítáàṣì Lọ́rùn Mi

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. A ń gbé ní Bódìjà, mo sì ń ṣe táípíìsì ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ẹbí àfẹ́sọ́nà mi wá mọ ilé wa ni làpálàpá yọ sí mi lọ́rùn. Ó rí róbótó, ó ń yún mi bíi kí n fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́ ti ọsibítù. Wọ́n ra oyin ìgàn ní Òjóò, wọ́n bu sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi le, wọ́n pò ó pọ̀. Wọ́n ní oyin ni yóò pa á, sítáàṣì ni kò ní jẹ́ kí oyin ṣàn lọ. Òótọ́ ni, yíyún náà rọlẹ̀. Àmọ́ bó bá ti gbẹ tán, funfun báláú ni ọrùn mi máa ń rí. Èèrà ò sì jẹ́ kí n rímú mí.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀, mo fẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyá mi kọ̀.

“Ó ti ń san. Fi síkáàfù wé e. Wọn ò ní pẹ́ lọ.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá àfẹ́sọ́nà mi ló ṣáájú wọn wá. Gbogbo wa la mọ ohun tí màmá náà ń wá: bóyá ìdílé wa ní wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn. Ibẹ̀ ni èèrà ti bù mí jẹ. Mo họ ọrùn, síkáàfù já bọ́.

Wọ́n rí funfun náà. Wọ́n gbé ife omi kalẹ̀, wọn ò mu ún.

“Làpálàpá ni, mà,” ni ìyá mi wí. “Oyin àti sítáàṣì ni mo fi kùn ún.”

“A ti gbọ́. Ẹ jẹ́ á máa lọ.”

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Oògùn tó ń wò mí sàn ló sọ mí di adẹ́tẹ̀. Mo sunkún, mo sì bú èèrà dáadáa.

Kò pẹ́ tí làpálàpá lọ ráúráú, kò fi àpá sílẹ̀. Ìyá mi mú mi lọ sílé ẹbí àfẹ́sọ́nà mi ní Ring Road, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Màmá náà ní ká wọlé. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí àga kan, wọ́n ní kí n jókòó. Wọn ò tẹ́ nǹkan kan sórí àga ìyá mi.

Mo jókòó. Mo ṣí ọrùn mi, mo yí i síbi fèrèsé.

“Ẹ wò ó, ẹ jọ̀ọ́,” ni ìyá mi ń wí.

Ògiri ni wọ́n ń wò. Àfẹ́sọ́nà mi wà níbẹ̀, ó fara ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń wò, pé yóò sìn wá dé títì, yóò sì sọ tẹnu rẹ̀ fún mi níbẹ̀.

Kò sìn wá. Nígbà tí a dé géètì, mo bojú wẹ̀yìn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó fi igi gbé ìwé ìròyìn tí mo jókòó lé, ó ń ṣáná sí i.