Ta Ló Máa Pè Mí Padà?

Ẹ gbà mí, wọ́n ti fẹ́ sọ mí di wòlíì ní Ẹgbẹ́dá o!

Láàárọ̀ yìí, mo pa rédíò kásẹ́ẹ̀tì, mo wọ aṣọ funfun, mo jókòó sórí ẹní. Mo dijú, mò ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ìwé yóga tí mo rà ní Ìkòtún ṣe ní kí n ṣe é.

Ìgbà tí mo máa ṣíjú, Ìyá Bọ́sẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ìgò omi dání.

"Ẹ bá mi gbàdúrà sí i, sà."

"Àdúrà kọ́ o. Mo kàn ń mí ni."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìwé ni. Mi ò nílò olùkọ́."

Ó dìde. "Tí ẹ bá wá lọ jìnnà jù ńkọ́? Ṣé ìwé ló máa pè yín padà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo tún dijú nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ṣá. Mo ṣí ojú kan. Obìnrin yìí ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ máa ṣe é lọ jàre. Mo wà níbí."

Ìgbà yẹn gan-an lọkàn mi tó balẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mo ní mi ò nílò olùkọ́, kí ni kí n wá máa pe Ìyá Bọ́sẹ̀ báyìí?