Arọ́kin Inú Ilé Olódi

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Oyèníyì, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Òun tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Port Richmond ní Amẹ́ríkà tí wọn kì í gbé makirofóònù sí i lẹ́nu, kí wọ́n ṣáà dárúkọ Olúwapẹ̀lúmi, ohùn rẹ̀ á kàn wọlẹ̀. "Ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́," ni yóò wí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé nípa òtútù. Ọmọ Bánjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti di dókítà, Bánjí kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé.

Iṣẹ́ ìjọba náà kì í ṣe irọ́. Pẹ̀lúmi kàwé débi tó wù ú, àmọ́ ìtàn ló kà, ó wá di ẹni tó ń mú àwọn àlejò kiri inú Castle Clinton, ilé olódi roboto tó wà létí omi ní Manhattan, nítòsí ibi tí fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi, ti ń já èrò sílẹ̀. Ọjọ́ tó ti pẹ́ ni Oyèníyì ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò yà síbẹ̀ rí. Ohun tó sì ń dùn ún gan-an, kò sọ ọ́ fẹ́nìkan. Arọ́kin ni bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ ìtàn àwọn ọba àtijọ́ níwájú Aláàfin. Oyèníyì ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó kọ́ ọ, àmọ́ ó sá lọ sí Èkó, ó lọ kọ́ṣẹ́ akáńtáǹtì. Bàbá kú, kò sì sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé wọn. Ṣé irú iṣẹ́ tí òun sá fún ló wá tún tẹ̀ lé òun dé Amẹ́ríkà ni?

Màmá rẹ̀ ló fà á tó fi débẹ̀. Màmá wá kí wọn láti Ọ̀yọ́, wọ́n ń padà lọ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì ní àwọn ò ní lọ láìfojú rí ibi iṣẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn. Oyèníyì mọ̀ pé gbogbo ẹbí máa bi wọ́n léèrè ohun tí Pẹ̀lúmi dà, ohun tí Màmá bá sì sọ, kò sẹ́ni tó máa yí i padà mọ́. Ó bẹ̀rù ẹ̀ ju òtútù lọ.

Ti Màmá ni pé ilé olódi gbọ́dọ̀ lọ́ba. Wọ́n ró aṣọ òfì, wọ́n di obì sétí aṣọ, nítorí èèyàn kì í lọ sí ààfin lọ́wọ́ òfìfo. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n bọ́ bàtà. Oyèníyì bẹ̀ wọ́n títí, ó ní kò sí ọba kankan níbẹ̀. Wọ́n ní bóyá ọba jáde ni, wọ́n sì fẹsẹ̀ lásán wọlé sórí òkúta.

Pẹ̀lúmi jáde sí wọn nínú yunifọ́ọ̀mù àti fìlà etí fífẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà níwájú gbogbo àlejò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba obì ọba, kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi Yorùbá rẹ̀ tí kò lóhùn òkè tí kò ní tìsàlẹ̀ sọ pé òyìnbó nìkan ni òun lè fi sọ ìtàn náà já geere.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn."

Oyèníyì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú jẹun.

"Sọ̀rọ̀ sókè," ni Màmá wí. "Bàbá rẹ kì í jẹ ọ̀rọ̀ mọ́nu."

Ni Oyèníyì bá gbé ohùn sókè. Ó ní ìbẹ̀rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi mọ odi yìí, wọ́n to ìbọn ńlá yí i ká, wọ́n dúró de ogun, ogun ò dé. Màmá ní, "Hẹn." Ó ní nígbà tí ogun ò dé, orin wọlé, ijó wọlé. "Hẹn." Nígbà tí ijó jáde, àlejò wọlé, àwọn tó sọdá òkun tẹrù tọmọ, ibí yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn kí wọ́n tó wọ ìlú. "Hẹn." Nígbà tí àlejò jáde, wọ́n kó ẹja wọlé, ará ìlú ń sanwó wá wo ẹja.

Ibẹ̀ ló ti wo ọmọ rẹ̀. Pẹ̀lúmi fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó dijú díẹ̀, ó ń dúró de "hẹn" kó tó mú ọ̀rọ̀ tó kàn. Bí bàbá Oyèníyì ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, ọmọ yìí ò sì fojú kan bàbá àgbà náà rí. Inú Oyèníyì dùn, ó tún gbé ohùn sókè sí i. Àwọn àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá kankan ti dúró yí wọn ká. Obìnrin kan bi Pẹ̀lúmi pé ta ni ọkùnrin olóhùn yìí. Kíá ni Pẹ̀lúmi ti dáhùn pé bàbá òun ni, ó sì fa bàbá náà mọ́ra. Ojú ti Oyèníyì, nítorí òun ò dáhùn báyẹn nípa ọmọ náà rí.

Màmá béèrè ọba. Pẹ̀lúmi ní kò sí, àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ni òun ń pìtàn wọn. Màmá rò ó díẹ̀, wọ́n ní kó fi obì náà ṣe tirẹ̀.

"Màá sọ fún wọn nílé," ni wọ́n wí, "pé arọ́kin ò tíì tán nílé wa."

Nínú fẹ́rì tí wọ́n bá padà, Bánjí ló jókòó kàn wọ́n. Ó kí Màmá dáadáa, ó ròyìn ọmọ rẹ̀ tó di dókítà, ó wá béèrè pé ṣé Pẹ̀lúmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba yẹn.

Oyèníyì dìde dúró. Ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ló fi dáhùn, tí àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé fi yíjú padà.

"Arọ́kin ni. Iṣẹ́ bàbá mi ló ń ṣe, ní Castle Clinton. Wá lọ́jọ́ kan, kí n mú ẹ lọ gbọ́ ọ."

Màmá ti dijú, wọ́n gbé orí ti ìjókòó, èèyàn á rò pé wọ́n ti sùn.

"Hẹn," ni wọ́n wí.