Ọ̀wẹ̀ Ìyá Múdàṣírù

Ẹni tó bá mọ̀ mí lọ́dún 1976 á rántí pé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi kì í kúrò nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ò tíì jìnnà sí wa, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń ṣe fáàrí, tèmi tún wá pọ̀jù. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo wà. Màá dúró nídìí tábìlì, aṣọ á máa kọjá lójú mi, èmi á máa wá ibi tó ti já. Ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà nìyẹn, n kì í sì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá wa ni Fàósátù, ọmọ onílẹ̀ ní Ìsọlọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Múdàṣírù. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ká aṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣe sùpáfáísọ̀ lórí àwa mẹ́jọ. Nítorí pé mo ka ìwé Mọ́dà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo gbà pé mo gbọ́n jù ú lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà, òjò ńlá rọ̀. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kún àkúnya, omi sì wọ sítọ́ọ̀ tí ìdì àǹkárá wà. Ìyá Múdàṣírù sáré wọlé bá wa.

"Ẹ dìde, ẹ dìde! Ẹ wá bá mi gbé aṣọ kúrò nílẹ̀!"

Mo fa lẹ́tà yọ. "Màmá, kí n máa yẹ aṣọ wò ni wọ́n gbà mí fún. Èmi kì í ṣe alábàárù. Ẹ wò ó, kò sí níbí."

Àwọn méje tó kù gbọ́ mi, àwọn náà ní àwọn ò gbé. Ìyá Múdàṣírù kò bú mi. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, òun àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ sì lọ ń gbé ìdì aṣọ títí tó fi rẹ̀ wọ́n. Ìdì mọ́kànlélógún ló rin gbingbin. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, n kò sì dìde.

Nírọ̀lẹ́, máníjà dé. Ó ní tó bá di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, òun fẹ́ gba orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Múdàṣírù, òun á sì lé wọn. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ilé. Oyún oṣù kẹjọ wà nínú Bánkẹ́ ìyàwó mi, iṣẹ́ yìí nìkan la sì gbójú lé. Síbẹ̀, n kò lè lọ bẹ Ìyá Múdàṣírù. Agídí mi ò jẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá wa lọ́nà Èjìgbò. Ìyá Múdàṣírù ni, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé ó wá sọ fún mi pé òun ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ ni.

"Dìde, Ajíbọ́lá. Lọ́jọ́ Ẹtì, àṣẹ ni mo pa fún ẹ. Mo ṣe àṣìṣe, torí iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tìẹ lóòótọ́. Lónìí, mo wá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ ni. Tí aṣọ yẹn bá wà nínú ìdì di ọ̀la, èébu máa bò ó. Mo fẹ́ sá a sóòrùn. Tí o bá kọ̀, mi ò ní bínú."

Ọmọ Ìkirè ni mí. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́: ẹni tó niṣẹ́ kì í ránṣẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn dé ilé oníkálukú. Mo lè kọ̀ fún ọ̀gá mi. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún obìnrin tó wọ́ ẹrẹ̀ wá bá mi nílé.

Bánkẹ́ tiẹ̀ ti na ṣẹ́ẹ̀tì sí mi. "Kí lẹ tún ń wò? Ẹ wọ̀ ọ́!"

Àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó lọ bẹ̀ nílé la pàdé nílé iṣẹ́, tójú ń ti kálukú láti wo ẹnìkejì. A tú ìdì, a fún aṣọ, a sá a sórí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ títí a kò fi rí koríko mọ́. Ìyá Múdàṣírù se ẹ̀wà fún wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń bù ú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo aṣọ ti gbẹ, a ti ká a.

Ní Ọjọ́ Ajé, máníjà rí aṣọ gbígbẹ. Síbẹ̀ ó nawọ́, ó ní, "Orúkọ dà?"

Ìyá Múdàṣírù fún un ní ìwé kan. Mo na ọrùn, mo rí orúkọ mi. Òun ló ṣáájú! Mo ti lanu láti sọ ohun tí ǹ bá máa kábàámọ̀ títí dòní, nígbà tí máníjà bẹ̀rẹ̀ sí kà á jáde: "Àwọn tó wá gba aṣọ ilé iṣẹ́ là lọ́jọ́ ìsinmi, láìgba kọ́bọ̀."

Ó gbójú sókè. "Àwọn tó kọ̀ ni mo ní kí o kọ."

"Sà, èmi ni mo ṣi àṣẹ pa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé èèyàn, ẹ kọ orúkọ tèmi síbẹ̀."

Máníjà ká ìwé náà sínú àpò, ó lọ. Kò lé ẹnì kankan nínú wa. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí kò bá ti sí nínú lẹ́tà wa, ńṣe ni Ìyá Múdàṣírù máa ń wá bẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì gba ọjọ́ ìsinmi fún wa dípò rẹ̀. N kò rántí ẹni tó tún kọ̀ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà títí dòní, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bánkẹ́ bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, mo bá Ìyá Múdàṣírù lẹ́yìnkùlé lórí àpótí, ó ń fọ àwo àwọn àlejò. Mo já kànìnkànìn gbà.

"Háà, Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, iṣẹ́ yín kọ́ nìyí!"

Ó gbà á padà lọ́wọ́ mi. "Lẹ́tà mi dà? Fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣan àwo.