Akọ̀wé Tí Kì Í Yà Sọ́tùn-ún

Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira, ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì pọ̀ ní Ọ̀fà. Èmi ni mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò nítòsí rélùwéè. Mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, mo ti gba fírídọ̀mù, mo sì gbà pé kò sí àìsàn tó lè ṣe mọ́tò tí n kò ní mọ̀. Ìgbéraga ọ̀dọ́ ni.

Akọ̀wé kóòtù kan wà nílùú nígbà náà tó ra mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ẹnu kí ẹnikẹ́ni mọ́. Fèrè mọ́tò ló fi ń kí wa. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o ti gba ẹ káàárọ̀ tìẹ nìyẹn.

Láti ilé rẹ̀ sí kóòtù, ìyànà kan ṣoṣo ni, lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń rí i tó ń gba ọ̀nà rélùwéè lọ, yóò yí ọjà po, yóò gba iwájú mọ́ṣáláṣí, kó tó wá já sí kóòtù láti ẹ̀yìn. A ní ó ń ṣe fáàrí ni. Èmi náà bá wọn bú u.

Àfi bó ṣe yà sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Mẹkáníìkì, mọ́tò yìí ń gbọ̀n."

"Ìgbà wo ló máa ń gbọ̀n, sà?"

"Bí mo bá ti yà sọ́tùn-ún. Bí mo bá ń lọ tààrà, kò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá yà sósì, jẹ́ẹ́ ni, bí ọmọ tó mu ọmú yó."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kì í ṣe fáàrí. Ọkùnrin yìí ti ń fi apá òsì nìkan gbé ìlú. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní àwọn àna òun ń kó ọmọ jáde nílùú Òjòkú lọ́jọ́ Sátidé, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dé Òjòkú láìyà sọ́tùn-ún rárá.

"Kí ló fà á, sà?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oríta Ẹ̀rìn-Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí láàárín àwa àti àwọn yẹn. Wọ́n ti ṣe nǹkan sí i."

Ọmọ Ọ̀fà ni mí o, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àgbẹ̀ Ẹ̀rìn-Ilé tó máa fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko, kó wá máa bá táyà akọ̀wé jà. 

"Ẹsẹ̀ mọ́tò iwájú ti ọ̀tún ni kí o tú," ló wí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ìdájọ́. "Ọ̀tún ni mo ń yà sí, ọ̀tún náà ló ń ṣàìsàn. Ṣé ìyẹn náà le?"

Èmi onífírídọ̀mù bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún títí ọjọ́ fi rọ̀. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo dè é. Nígbà tí a wà á lọ wò, bó ṣe yà sọ́tùn-ún báyìí, gbọ̀n-ọ̀n-gbọ̀n-ọ̀n! Fìlà akọ̀wé já bọ́ sórí itan rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rán mi lẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń wa mọ́tò láyé ìgbà náà, nítorí náà obìnrin náà jókòó síwájú lápá òsì, èmi wà lẹ́yìn. Bí mọ́tò ti yà tó bẹ̀rẹ̀ ìjó rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, abẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí ló ti ń ké."

"Ìwọ kọ́ lò ń wà á," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ẹsẹ̀."

Ojú tì mí. Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ti kọ́ mi pé bí mọ́tò bá yà sọ́tùn-ún, apá òsì ni ẹrù ń wọ́ sí. Ẹsẹ̀ òsì ló ń ru gbogbo ìyà. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohùn ńlá akọ̀wé ló lé e jáde lórí mi.

Mo fi jáàkì gbé apá òsì sókè, mo di táyà mú lókè nísàlẹ̀, mo mì í. Ó ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Mo tú u. Bíárìn inú rẹ̀, àwọn ọmọ irin róbótó tí táyà fi ń yí, ti fọ́ yángá. Níbi tó yẹ kí gíríìsì wà, nǹkan funfun kan ló wà níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀.

"Òrí nìyí."

Akọ̀wé kọjú sí rélùwéè bí ẹni tó ń retí àlejò. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Òrí mi! Òrí tí ẹ ní eku gbé lọ tìgbá-tìgbá!"

Ni ọ̀rọ̀ bá tú. Akọ̀wé ti kà á nínú ìwé mọ́tò pé ibẹ̀ ń fẹ́ gíríìsì. Kò rí gíríìsì, ó fi òrí dípò, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ṣe kó tó rẹ̀ ẹ́.

"Ìwé náà kò sọ pé òrí kò dáa," ló ní.

Ó mọ ẹsẹ̀ tó fọwọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n tú ọ̀tún kí n má baà rí òsì.

"Ẹ̀rìn-Ilé wá ńkọ́, sà?"

Ó ṣí fìlà, ó ń gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀.

Bíárìn tuntun bá rélùwéè dé láti Ìbàdàn ní Ọjọ́bọ̀. Mo fi gíríìsì gidi sí i, mo dè é bó ṣe yẹ, mo yà sọ́tùn-ún títí òòyì fi ń kọ́ mi. Mọ́tò kò gbin. Wọ́n lọ sí Òjòkú, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò kankan bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń kí ẹni tó ni ín, kí n tó wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń fá orí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ nígbà tí akọ̀wé wọlé. Kò dá mi mọ̀, nítorí mo tẹrí ba. Ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe sọ fún mẹkáníìkì kan báyìí pé apá òsì ni kó wò, tí olóríkunkun náà kò gbọ́. Mo fẹ́ dìde. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, abẹ wà lórí ẹ."

Mo jókòó.