Ẹni Tó Kọ́kọ́ Pè Mí Ní Akọ̀wé

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìyàwó wá sílé wa ní Ìlódè. Ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi kí ìyàwó tó wọlé, nítorí náà kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí. "Akọ̀wé mi, ẹ wá jẹun," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, èmi tí n kò tíì mọ lẹ́tà kọ dáadáa. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, eré orí ìtàgé ni mo gbájú mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń kọ ọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi fẹ́ fún mi. Ó ní òun yóò wá wo eré kan ṣoṣo. Bí kò bá mórí òun wú, kí n yáa lọ wá iṣẹ́ gidi.

Nínú eré náà, bàbá ọkọ fẹ́ ta ilé mọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí. Mo ní kí ìyàwó náà pe bàbá lórúkọ gbàǹgbà kó tó sọ̀rọ̀ sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin inú eré òyìnbó tí mò ń kà ṣe ń ṣe. Ọgbọ́n àgbọ́njù ọmọdé, orúkọ bàbá mi gan-an ni mo fún bàbá inú eré. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Lọ́jọ́ eré, ibà dá ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ìyàwó dùbúlẹ̀. Ìyàwó wa, tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Mọdákẹ́kẹ́, ní òun á bá mi ṣe é. Ojú rẹ̀ ni mo ti ń ka eré náà sókè ní pálọ̀, ó ti há a sórí.

"Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí ẹnu mi ò ní lè sọ o, Akọ̀wé."

"Ìyàwó wa, eré ṣá ni!"

Bàbá mi jókòó síwájú pátápátá. Nígbà tó kan ibi orúkọ, ìyàwó wa la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo ti ń rí ara mi nídìí tábìlì ìjọba. Ló bá kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ dà sí bàbá inú eré náà lára, tìbínú tìbínú, ṣùgbọ́n "Bàbá wa" ló ń pè é. Ta ni yóò lé ẹni tó kúnlẹ̀ jáde nílé? Bàbá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tá a jáde, ó ní, "Ìyàwó wa ti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Mo yọ orúkọ kúrò, mo fi ìkúnlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Eré yẹn ló mú mi dé ìlú òyìnbó, òun náà ló sì ṣínà fún àwọn eré mi yòókù. Àwọn òṣèré ibẹ̀ a máa bi mí pé kí ló dé tí ẹni tínú ń bí á fi kúnlẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kúnlẹ̀ wò ná. Wọn kì í bi mí mọ́.

Àná ni mo délé láti ọ̀hún. Mo bá ìyàwó wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo orí ti funfun. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, èmi àgbàlagbà, ẹnu mi ò sì lè sọ ju ẹ ṣé, ẹ ṣé.

"Ẹ dìde ńlẹ̀, Akọ̀wé mi," ló wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"