Ohun Tó Sọ Fún Mi Lórí Máàtì

Mo ní bẹ́líìtì búráùn ti júdò. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí kan nílé mi, mi ò sì tíì so ó mọ́ ìdí láti ọjọ́ tí mo gbà á. Bí àlejò bá ṣèèṣì rí i, tó ní kí n sọ bí mo ṣe rí i gbà, mo máa ń sọ fún un pé ìdánwò ni mo ṣe ní Port Harcourt, mo sì yege. Òótọ́ ni, àmọ́ mo máa ń gé e kúrú.

Agùnbánirọ̀ ni mí nígbà yẹn. Ìlú Òṣogbo ni mo ti lọ, wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan ní Rumuigbo. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́ Pidgin, ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ nílé kì í ṣe nǹkan kan. Mo ti ń ṣe júdò láti yunifásítì, bẹ́líìtì búlúù, ìpele kan sísàlẹ̀ búráùn, ni mo sì gbé dání wá. Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ júdò kan ń lo gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa nírọ̀lẹ́, mo bá wọn ṣe é, kí n má baà máa dá jókòó sínú yàrá kí n máa wo ògiri.

Fóòmù àlòkù tí wọ́n fi tapólìn bò la fi ṣe máàtì. Kóòṣì wa jẹ́ ọmọ Ikwerre, ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, àgékù fáànù bẹ́líìtì mọ́tò kan sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń na ẹsẹ̀ ẹni tí kò bá dúró dáadáa. Ó ní òfin kan tí mi ò rí níbòmíì. Nínú júdò, bí ẹnì kejì rẹ bá ká ọ lápá tàbí tó fún ọ lọ́rùn, wàá fi ọwọ́ gbá máàtì lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fi ọ́ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, torí kí egungun má baà kán ni. Ṣùgbọ́n Kóòṣì ní ẹni tó bá gbá máàtì lọ́jọ́ ìdánwò ti já nìyẹn. Wọ́n lè dá ọ mọ́lẹ̀ kí o ṣì yege bí o bá jà dáadáa, àmọ́ bí o bá gbá máàtì, ilé yá. "For war, who you go tap?" Bó ṣe máa ń bi wá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi òun náà pé ogun wo là ń lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni ọkùnrin kan gbọ́ tí mò ń kùn ní Yorùbá nídìí ìlẹ̀kùn. Ó yí sí mi wàrà, ó ní, "Ọmọ ibo ni ẹ́?" Ọmọ Ṣakí ni òun alára, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Àwa méjì péré ni Yorùbá nínú ẹgbẹ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, àbúrò ló sì ń pè mí.

Mgbuoba ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, àti àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Èyí tó kéré jù, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń lọ jẹun nílé wọn, bí a bá sì ti jókòó, ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́ tó wá rí omi. Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Una don start." Òun ló ń bu ẹran tó pọ̀ jù sínú abọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n ti ṣe ìdánwò bẹ́líìtì búráùn tó sì já. Èyí tó kù yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Amadi-Ama ti kọ lẹ́tà sí i pé bó bá fi lè mú bẹ́líìtì búráùn wá ní ọjọ́ Monday tó tẹ̀ lé ìdánwò, òun ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní júdò. Bí kò bá mú un wá, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀. Àpò ṣẹ́ẹ̀tì ló máa ń ki lẹ́tà náà sí, ibi tó ti ká ti fẹ́ẹ̀ ya. Ó ní ó ti sú òun láti máa dúró nídìí géètì kí òun máa bẹ́rí fún àwọn ọmọ tí òun lè bí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fi lẹ́tà yẹn hàn mí náà ló sọ fún mi pé òun ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìgúnpá òsì òun yẹ̀, kò sì padà sípò dáadáa. Bí Kóòṣì bá mọ̀, kò ní jẹ́ kí òun ṣe ìdánwò. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún," ó wí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe ìdánwò nígbà tí ẹ̀gbọ́n dá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bí mo ṣe ń dìde nígbà kẹta, ó ní, "Corper, dis one no be chalk o." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Agùnbánirọ̀ obìnrin kan tí mo pè wá wò mí wà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe, mo mọ̀. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun, inú ń bí mi. Onínú dúdú ni mí nígbà náà, bóyá mo ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó tán lọ́jọ́ kejì, mo tọ́jú rẹ̀ bí owó.

Àárọ̀ Saturday ni ìdánwò. Kóòṣì wò wá lọ kánrin, ó wá fi fáànù bẹ́líìtì ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí èmi àti ẹ̀gbọ́n. "You two. If I see play for there, I fail una together." Bí a ṣe ń bọ́ sórí máàtì, ẹ̀gbọ́n sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Jà dáadáa, àbúrò. Àwa méjèèjì la máa yege." Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Kò sí ohun tó ní kí ẹnì kan já kí ẹnì kejì tó gba bẹ́líìtì.

Ó mọ júdò jù mí lọ. Kò pẹ́ tó fi fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, mo rí i tí Kóòṣì mi orí, inú rẹ̀ dùn. Mo dìde, a tún gbá ara wa mú, àwa méjèèjì ṣubú pọ̀. Bí a ṣe dé ilẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà níwájú mi. Mo lè mú ọ̀tún. Òsì ni mo mú. Mo gbé ẹsẹ̀ mi lé e láyà àti lọ́rùn, mo fa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í na apá náà.

Mo mọ̀ lára rẹ̀ pé ó ti ń dùn ún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra láti gbá máàtì, ó dúró lókè, kò gbá a. Ó wá yí ojú sí mi, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ àfi èmi.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, dẹ̀ ẹ́. Dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí n yí. Apá yẹn ni."

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Wetin e talk?"

Èmi ló bi. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ. Àyè wà fún mi láti dẹ ọwọ́ kí n má sì sọ ohunkóhun. Mo la ẹnu, mo ní, "Coach, e say e never tire. E say make I draw am well."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Na man be dat. Draw am."

Mo fà á. A gbọ́ ọ, gbogbo wa, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló gbá máàtì, ó ń gbá a lọ ni, títí tí wọ́n fi fà mí kúrò lára rẹ̀.

Inú mi dùn. N kò ní purọ́ sí i lórí èyí. Bí mo ṣe dúró lórí máàtì tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó ń yí nílẹ̀, inú mi dùn gan-an.

Kóòṣì wo apá náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "You tap. You know the law. But you tell am say you never tire. Abi no be so you talk?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó wò mí. Pidgin rẹ̀ dáa ju tèmi lọ, ó lè tú mi fó síbẹ̀. Àmọ́ kó tó lè sọ pé mo purọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé òun bẹ̀ mí, lójú àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ wa tí òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ́. Mo ti mọ èyí kí n tó la ẹnu mi.

"Na so I talk, Coach," ó wí.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ọ jà ló máa so bẹ́líìtì tuntun mọ́ ọ nídìí. Kóòṣì kò yọ ẹ̀gbọ́n kúrò nínú àṣà náà. Ẹ̀gbọ́n dìde, apá òsì rẹ̀ rọ̀ dirodiro, ó mú etí bẹ́líìtì kan ní ọwọ́ ọ̀tún. Kò lè ta kókó. Èmi ló wá di etí kejì mú fún un, a sì jọ so ó. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kókó náà. Nígbà tí a parí, ó ní, "Congrats, corper."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ mi, mo sì lọ sílé. Mi ò dé Mgbuoba mọ́ kí n tó lọ. Mo gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn mú ẹlòmíì. Èmi tí mo gba bẹ́líìtì náà, mi ò tún fi ẹsẹ̀ kan máàtì mọ́ láyé mi.

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi padà sí Port Harcourt. Mo wọ kéké lọ sí Mgbuoba, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù ni mo ti rí i, ó jókòó sórí àga ike, irun rẹ̀ ti funfun. Apá òsì rẹ̀ ká sí àyà, kò nà tán. Ọmọbìnrin kan tó ti tó ẹni tí ń lọ sí yunifásítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ọmọ náà wò mí, ó wo bàbá rẹ̀. "Daddy, wetin e dey talk?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ̀ mí, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ mí.

"E say e miss road," ó wí. "E dey find Rumuigbo."

Àánú mi ṣe ọmọ náà. Ó fà mí dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà hàn mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibi tí màá ti yà àti ibi tí màá ti wọ kéké. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà tó fi hàn mí lọ.