Agbẹ̀bí Inú Kóòdù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ kóòdù kì í dùn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ metakíláàsì rí.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì wa ní Kokomlemle, nílùú Accra, èmi àti ọ̀gá mi obìnrin, Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀. Ètò orí kọ̀ǹpútà là ń kọ fún Àlàájì kan, Yorùbá bíi tiwa, tó ń kó ẹrù wọlé ní Tema. Irú ẹrù kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì tirẹ̀, ìyẹn àpèjúwe tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tí yóò ṣe sí i, gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ kíláàsì ìyá kan. A gbàgbé láti fi ìwé àṣẹ ìjọba sínú kíláàsì ẹja dídì. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ètò tiwa dákẹ́, àwọn aṣọ́bodè dá ẹja Àlàájì dúró, ó sì jẹrà ní èbúté. Àlàájì ní òun á wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún já òun kulẹ̀, ká máa lọ. Òun nìkan sì ni oníbàárà tó gbé ọ́fíìsì wa ró.

Ìgbà náà ni mo rántí metakíláàsì, kíláàsì tó ń bí kíláàsì. Bí agbẹ̀bí ló rí. Bí ọmọ bá ṣe ń jáde ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí nǹkan kan bá kù lára rẹ̀, á figbe ta. Mo ń jó lórí àga bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́!

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, ètò kọ̀, kò ṣí rárá.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, kí lo fọwọ́ kàn?" ni ọ̀gá mi wí.

Mo wò ó títí. Háà! Kíláàsì ìyá ló dá dúró! Agbẹ̀bí ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìyá, bẹ́ẹ̀ ìyá kì í ṣe ẹrù. Mo fi ìlà kan kún un pé kó fi èyí tí kò ní ìyá sílẹ̀, ló bá ṣí wẹ́rẹ́. Igbe ayọ̀ tí mo ké, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ gbójú sókè.

A wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Tema. A ò tíì jókòó dáadáa tí Àlàájì fi ní, "Ẹ fi ẹrù tuntun kún un lójú mi. Oògùn òyìnbó."

Ọ̀gá mi ń kánjú tẹ̀ ẹ́, ló bá tún gbàgbé ìwé àṣẹ. Lẹ́tà pupa kún ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi káwọ́ lérí.

"Ó tún ti bàjẹ́," ni Àlàájì wí, ó ti ń dìde.

"Rárá o, Bàbá!" ni mo ké. "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́! Kò bàjẹ́, ó ń bá wa wí ni! Ó ní kíláàsì oògùn kò ní ìwé àṣẹ, òun ò ní gbà á!"

Àlàájì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ká ní èyí wà nígbà ẹja mi ńkọ́?"

"Kokomlemle níbẹ̀ ni ì bá ti pariwo, Bàbá, kí ẹja tó wọkọ̀."

Ó rọra jókòó padà, ó nawọ́ sí àwọn lẹ́tà pupa náà.

"Èyí tó dákẹ́ lọ́jọ́sí, ẹ dà á nù. Èyí tó ń bá yín jà yìí ni mo fẹ́."